Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ tọ́ wáìnì wò lóko rí, báwo lẹ ṣe ṣètò rẹ̀?

Ìyá Dámi, Èkó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pọ̀ àwọn tó ń bi mí nípa ìrìn àjò wa sí àwọn oko àjàrà tó wà lẹ́yìn Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ níbí, kí ẹlòmíì náà lè sọ tiẹ̀.

Èmi, ọkọ mi, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ la jọ lọ. Àlájì ni ọkọ àbúrò mi, kì í fẹnu kan ọtí, ìyẹn ló sì tán wàhálà tó tóbi jù fún wa: ta ni yóò wakọ̀? Lọ́ndọ̀nù ló ń gbé, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀ bíi ti Gúúsù Áfíríkà. Àwa ní Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti ọdún 1972. Òun la gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Òfin ibẹ̀ kì í ṣe eré: ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100. Ẹ má sì sọ pé ẹ kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Oko kan lè bu oríṣi márùn-ún fún yín, díẹ̀díẹ̀, ẹ wá lọ oko mẹ́ta. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Ohun tó ń da ètò rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojúkòkòrò. Wọ́n á kó àwọn àdúgbò oníwáìnì bíi Stellenbosch, Franschhoek, Paarl àti Constantia sínú ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí pé lórí máàpù, gbogbo wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Wọn ò rántí pé òkè ló wà láàárín. Stellenbosch nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Cape Town. Láti ibẹ̀ dé Franschhoek, ọ̀nà orí òkè Helshoogte lẹ máa gbà, ọ̀nà yẹn sì lẹ́wà débi pé ẹ ò ní lè má sọ̀ kalẹ̀ ya fọ́tò. Àfonífojì kan lóòjọ́, oko mẹ́ta péré, ká jẹun gidi ní ìkejì: bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá lóun fẹ́ dé márùn-ún, tó bá fi máa dé ìkẹrin, ahọ́n rẹ̀ ti kú, omi ló kàn ń mu. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kẹ́ẹ tó lọ, torí àwọn kan kì í ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Àìkú.

Oṣù Kejì la lọ, wọ́n ń kórè lọ́wọ́. Ooru mú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà oòrùn tí wọ́n ń pè ní Cape Doctor. Ó lè ṣí gèlè lórí ènìyàn! Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, torí òun ló ń gbẹ omi kúrò lára ewé kí àrùn má baà wọ èso.

Ẹ tọ́ Pinotage wò. Àjàrà tiwọn gan-an nìyẹn. Stellenbosch ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ti mú irú àjàrà méjì, Pinot noir àti Cinsaut, so pọ̀ lọ́dún 1925. Ọkọ mi ò gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ní tèmi, ó ń fa ẹnu bí èèpo àgbálùmọ̀. Ọmọkùnrin tó ń bu ọtí ò bínú, ó fún mi ní ẹran gbígbẹ wọn tó ń jẹ́ biltong pé kí n jẹ ẹ́ kí n tó tún mu ún. Lóòótọ́ ló rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn amọ̀nà kì í fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn ilé funfun ńláńlá ọjọ́un tí gbogbo ayé ń dúró sí iwájú wọn ya fọ́tò, àwọn ẹrú ló ṣiṣẹ́ oko wọn, wọ́n kó wọn wá láti Madagascar, Mòsáḿbíìkì, Íńdíà àti Indonesia. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, ọ̀pọ̀ olóko ṣì ń fi wáìnì san lára owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Dop ni wọ́n ń pe àṣà yẹn, ìyà rẹ̀ kò sì tíì tán lára àwọn ìdílé ibẹ̀ dòní. Mo bi amọ̀nà wa, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí, àmọ́ ó dáhùn, ó sì dáhùn dáadáa. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá wáìnì Ntsiki Biyela rà, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di aṣewáìnì ní orílẹ̀-èdè yẹn. Kò mọ adùn wáìnì rárá kó tó lọ kọ́ ọ ní Yunifásítì Stellenbosch. Aslina ló pe wáìnì rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà.

Kọ́lá, Croydon:

Ìyá Dámi, ẹ kú ìrìn o. Kí àwọn ará wa tó wà nílùú ọba má rò pé dandan ni kí wọ́n wọ bàálù. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ndọ̀nù lọ sí Dorking ní Surrey, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ti dé oko Denbies. Kò sí ariyanjiyan ta ló máa wakọ̀. Ilẹ̀ ẹfun ni àwọn òkè ibẹ̀, irú èyí tó wà ní Champagne ní Faransé, òun ni wáìnì oníhóhò wọn ṣe dára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti Kent. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ogójì ọdún, ó gba àyè ènìyàn mẹ́jọ sílẹ̀ ní oko kan. Ẹ mọ̀ wá. Àwọn méjìlá ló dé, aṣọ ẹbí lọ́rùn. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní àga mẹ́jọ lòun tò, kò sì fi kún un. A wá ń pín ife. Àǹtí kan nínú wa ò gbà láti tu wáìnì sínú abọ́ tí wọ́n gbé síwájú wa: “Èmi? Kí n fowó ra nǹkan kí n tún tu ú dànù?” Àǹtí sùn nínú ọkọ̀ títí dé Lewisham. Nítorí náà, ẹ sọ iye èrò yín ní òótọ́, ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ú.

Alábùkún, Ìbàdàn:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé a lè mú ọmọdé dání?

Ìyá Dámi:

Ẹ mú wọn wá, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi oko náà. Ọ̀pọ̀ oko ní omi èso àjàrà tí kò ní ọtí nínú, tí wọ́n máa ń bù sí ife fún ọmọdé tọ́ wò bíi ti àgbà. Òun náà ni Àlájì wa mu, ó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó mọ èyí tó dára jù. Ní Fairview ní Paarl, wọ́n kọ́ ilé gogoro fún ewúrẹ́, àwọn ewúrẹ́ náà á máa gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sókè. Àwọn ọmọ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ṣeyí, Abẹ́òkúta:

Àwa ò ní Àlájì, Wine Tram la wọ̀ ní Franschhoek. Ọkọ̀ ojú irin kékeré àti bọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé èrò láti oko dé oko, ẹ ó sọ̀ níbi tó bá wù yín, òmíràn á sì wá gbé yín. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa ń tán. Kẹ́ẹ sì mọ̀ pé owó ọkọ̀ nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Owó wáìnì lọ́tọ̀, oko kọ̀ọ̀kan ló ń gba tirẹ̀.

Ti ìgò tẹ́ẹ máa gbé wálé, inú báàgì ńlá ni o, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ẹ gbé e wọ inú bàálù lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá dì í pinpin kẹ́ẹ tó fi aṣọ wé e, kẹ́ẹ sì yan aṣọ dúdú. Kì í ṣe agbádá funfun.