Ṣé ìjánu nìkan ni iṣẹ́ iwájú ọpọlọ?

Òkun o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàbà dá àbá pé kí á máa pe apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn egungun iwájú ní "iwájú orí", kí á sì pe iṣẹ́ rẹ̀ ní "ìjánu ọpọlọ". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n méjèèjì ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti orúkọ ò le. Iwájú orí ni ibi tí a ti ń nu òógùn. Ẹni tó fi gbá ilẹ̀kùn lè má fara pa nínú ọpọlọ rárá. Awẹ́ ni kí á lò: awẹ́ iwájú ọpọlọ. Ẹ wo obì. Gbànja ń là sí méjì, àbàtà sì sábà máa ń ní awẹ́ mẹ́rin. Ọpọlọ náà pín sí ọ̀tún àti òsì, awẹ́ ńlá mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn sì ń kà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ti iwájú, ti òkè, ti ẹ̀bá etí, ti ìpàkọ́.

Ti ìjánu ló ká mi lára. Mo mọ ohun tó gbé ẹ̀gbọ́n débẹ̀: ìtàn Phineas Gage, olórí àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè ní Vermont, Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 1848, ẹ̀tù bú gbàù, ọ̀pá irin tó gùn ju mítà kan lọ, tó wúwo tó kílò 6, gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wọlé, ó sì gba àtàrí jáde. Kò kú títí di 1860. Ṣùgbọ́n Dókítà Harlow tó tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́: ó ń ṣépè, kò ka ẹnikẹ́ni sí. Ẹṣin já ìjánu lóòótọ́. Àmọ́ Harlow tún ní ó máa ń pète oríṣiríṣi nǹkan tí yóò sì pa tì kíá. Ṣé ìjánu ló tún ń pète ni?

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ń ṣe káfíńtà ní Mọ̀pà. Ọ̀kadà gbé e ṣubú, kò dé akoto, awẹ́ iwájú ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, ó sì rántí gbogbo ilé tó ti kan òrùlé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti fojú wo ilé, yóò sọ iye pákó, iye ìṣó, àti ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń jókòó. Bí ẹ bá ní kó mú òòlù, yóò mú un. Bí ẹ bá ní kó kan ìṣó, yóò kàn án. Ìṣó yẹn bá ti wọlé, ó parí nìyẹn, ó tún jókòó. Ìjánu ò já. Ẹni tí yóò gun ẹṣin ni kò sí.

"Ó ti ya ọ̀lẹ" ni àdúgbò ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Ebi máa ń lé ọ̀lẹ dìde. Ebi ò lè lé bùọ̀dá mi dìde.

Nítorí náà, kí á pe gbogbo iṣẹ́ awẹ́ yẹn ní ìṣàkóso, kí ìjánu jẹ́ ẹ̀ka kan nínú rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, orúkọ méjì ni mo mú wá: àìlèdáwọ́lé àti àìlèdáwọ́dúró. Ti àkọ́kọ́ ni ti bùọ̀dá mi. Ìkejì ni ti ẹni tí ẹ ní kó ya òbìrìkìtì kan tó ń yà á lọ láìdúró, tàbí tí èébú ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú àgbà. Àwọn méjèèjì lè bá ẹnìkan ṣoṣo. Wọ́n gùn díẹ̀, àmọ́ kò sí ìyá àgbà tí kò ní gbọ́ wọn yé lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti dán an wò. Mo sọ fún ìyá mi pé, "Kì í ṣe ọ̀lẹ o, àìlèdáwọ́lé ni." Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Tí èèyàn bá wá ń bá a dáwọ́ lé e ńkọ́?" Láti ìgbà náà ni ọmọ bùọ̀dá mi ti ń jókòó tì í níbi iṣẹ́, tó ń pe ìgbésẹ̀ tó kàn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kan àpótí ìjókòó kan parí.

Ẹ̀yin Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ bá mi bi àwọn àgbà ilé yín: kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀lẹ?