Kankéré bú pákó píláà mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píláà mítà 3.5 la dà lánàá, bọ́kẹ́ẹ̀tì la máa ń fi dà á tẹ́lẹ̀, á tó wákàtí méjì kó tó kún, àmọ́ lánàá wọ́n gbé pọ́ǹpù wá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti kún dẹ́nu, bí fáíbrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbọn kankéré kó lè kì) ṣe kan ìsàlẹ̀ báyìí ni pákó là, ìṣó ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kankéré tú jáde bí ẹ̀kọ gbígbóná. Káfíńtà ní ìṣó ni kò dáa. Èmi ò gbà, torí bó ṣe fi igi de òkè náà ló ṣe de ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá ṣì ń ṣàn bí omi, 24 (ìwúwo kankéré, kN/m³) lọ́nà 3.5 (gíga píláà) ni, agbára tó ń ti pákó nísàlẹ̀ á jẹ́ 84 kN/m² nìyẹn, ó ju tọ́ọ̀nù 8 lọ lórí mítà kan níbùú lóròó! Tí a bá rọra dà á, tìsàlẹ̀ á ti máa gan, kò ní ti pákó tó bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú pọ́ǹpù wá ńkọ́, ṣé kí n lo odindi 84 yẹn àbí ẹ máa ń yọ nínú ẹ̀? A tún fi ritádà (oògùn tí kì í jẹ́ kí kankéré tètè gan) sí i o, òwúrọ̀ yẹn sì tutù. Igi ìsàlẹ̀ yẹn, sẹ̀ǹtímítà mélòó lẹ máa fi jìnnà síra?