Yíyí bọ́ọ̀sì akérò kúrò lórí dísẹ́ẹ̀lì bọ́ sórí gáàsì CNG

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ yí àwọn bọ́ọ̀sì akérò rẹ̀ kúrò lórí dísẹ́ẹ̀lì bọ́ sórí gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì àdáyébá tí a fún pọ̀ sínú sílíńdà, kí owó epo àti èéfín dúdú lè dín kù. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ẹ́ńjìnnì: ṣé èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ lè gba gáàsì, àbí kí a ra ọkọ̀ tuntun?

Ìdáhùn kìíní:
Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó kọjá kí a kàn so sílíńdà mọ́ ọkọ̀. Ooru afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ ni ó ń tan iná sí dísẹ́ẹ̀lì. Gáàsì kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ó dín bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ kù, a ó sì fi púlọ́ọ̀gì sí i, tàbí kí a fi dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ṣáná sí gáàsì náà. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ti ń jẹ ọ́ìlì, ẹ má wulẹ̀ náwó lé e lórí.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, àmọ́ ibi tí ẹ ó ti máa rọ gáàsì ni ìṣòro tó le jù. Ní 1998, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ pé kí gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú Delhi bọ́ sórí CNG kí oṣù kẹta 2001 tó parí. Ìparí 2002 ni iṣẹ́ náà tó délẹ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ ti tò pẹ́ títí nítorí pé ibi ìrọgáàsì kò tó. Bí àwọn bọ́ọ̀sì yín bá ń sùn sínú ọgbà kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba gáàsì díẹ̀díẹ̀ di òwúrọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ìfúngáàsì kékeré lè ṣe é, sílíńdà kò sì ní gbóná.

Ìdáhùn kẹta:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré àyẹ̀wò. Mo ti rí sílíńdà kan rí tí okùn irin tí ó dì í mú ti tú, tí irin náà sì ti ha á lára títí ó fi dá ojú, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá 200 bar ni ó wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po 80 ti inú táyà ọkọ̀ kékeré. Gáàsì yìí tún fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ: bí ó bá jò nínú gáréèjì, òkè ni yóò kóra jọ sí, níbi tí iná mànàmáná wà gan-an.

Ẹni tí ó béèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Òrùlé páànù wa kò ní ihò kankan lókè. Ibẹ̀ ni màá ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí sílíńdà àkọ́kọ́ tó dé.