Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọwọ́ mi àti ohùn mi kì í pàdé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ orin Carnatic ti gúúsù Íńdíà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: eduppu, ìyẹn ojú ibi tí orin ti ń gbéra nínú àyípo tala, ìyẹn ìkà ìlù tí a ń fi ọwọ́ kà tó ń yí po.

Adi tala ò le láti fọwọ́ kà, ìkà 8 ni. Ẹ ó gbá itan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó fi ìka tó kéré jù, ìka òrùka àti ìka àárín ka mẹ́ta, ẹ ó wá gbá itan kí ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, lẹ́ẹ̀mejì. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ lórí samam, ìkà àkọ́kọ́ gan-an, ara mi á balẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú orin Tyagaraja, gbajúgbajà tó ṣe ọ̀pọ̀ orin Carnatic, máa ń gbéra lẹ́yìn ìkà kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni kalpanaswara, ìyẹn swara (orúkọ àwọn ohùn orin) tí a ń dá kọ látinú orí ara ẹni títí tí a ó fi padà bọ́ sí eduppu, ti ń já mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ti ṣírò rẹ̀: swara 4 nínú ìkà kan, láti samam dé eduppu àyípo kejì jẹ́ 38. Swara 10 lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìdákẹ́ 4 ní àlàfo kọ̀ọ̀kan láàárín wọn, pé géérégé. Lórí ìwé ó dùn. Tí mo bá ń kọ ọ́, ọwọ́ mi á tẹ̀ lé ohùn, tala á sì dàrú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá ibẹ̀, ṣé kí n máa ka iye ni, àbí kí n kọ́kọ́ máa kọ ìlà pallavi (ìlà ìbẹ̀rẹ̀ orin) nìkan títí etí mi á fi mọ eduppu?