Kálísíọ̀mù ìyá mi lọ sílẹ̀, ECG wọn sì ti yàtọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, fún ìyá mi ló ti ń ṣe wọ́n bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn létè, ìka wọn sì ń ká kò. Kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 6.8 mg/dL, wọ́n sì ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ṣe ń rìn nínú ọkàn: QTc wọn, ìyẹn àkókò tí iṣan ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ kó tó sinmi, tí wọ́n ti ṣírò mọ́ bí ọkàn ṣe ń yára lù sí, jẹ́ 510 ms. Dókítà fẹ́ dá wọn dúró kí wọ́n gba kálísíọ̀mù sójú iṣan. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní egungun ni kálísíọ̀mù wà fún, ká gbé màmá lọ sílé, ká ra oníhóró. Ẹ̀rù ń bà mí.

Màmá Ìbejì: Ẹ má gbé wọn kúrò níbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́!

Dókítà inú ẹgbẹ́: Ọkàn kò lè lù láìsí kálísíọ̀mù. Láti 1883 ni Sydney Ringer ti fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ rí i ní London. Nígbàkúùgbà tí iná ara bá gba inú iṣan ọkàn kọjá, kálísíọ̀mù máa ń wọlé síbẹ̀, èyí tó wọlé náà ló sì ń mú kí ẹnu ọ̀nà tó gbà padà tì. Bó bá kéré lẹ́jẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn á pẹ́ kó tó tì, iṣan ọkàn náà á sì pẹ́ kó tó sinmi. Apá kan lára QT tí à ń pè ní ST ló ń nà lórí ECG, òun ló fa QT gùn. Bí QTc bá ti ju 500 lọ, ọkàn lè ṣàdédé máa lù ní ìlù eléwu tí à ń pè ní torsades de pointes. Kì í wọ́pọ̀ bó bá jẹ́ kálísíọ̀mù nìkan ló kéré, àmọ́ bí magnẹ́síọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù náà bá kéré, ewu pọ̀.

Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì: Ẹ béèrè magnẹ́síọ̀mù wọn àti albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí kálísíọ̀mù máa ń so mọ́. Bí magnẹ́síọ̀mù bá kéré, kálísíọ̀mù ò ní gbé sókè dáadáa. Ẹ kọ gbogbo oògùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú: azithromycin, haloperidol, ondansetron, gbogbo wọn ló lè fa QT gùn. Bí wọ́n bá ń lo digoxin, oògùn ọkàn kan, ẹ tètè sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi calcium gluconate sójú iṣan, ECG á sì wà lára wọn. Kò ṣeé ṣe nílé.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. Magnẹ́síọ̀mù wọn kéré lóòótọ́, ondansetron sì ni wọ́n ń fún wọn nítorí èébì. Mo ti sọ fún dókítà. Ṣé bó ṣe máa wà títí lọ nìyí?

Dókítà inú ẹgbẹ́: Àwọn parathyroid kéékèèké tó wà lẹ́yìn thyroid ló ń darí kálísíọ̀mù, iṣẹ́ abẹ sì lè pa wọ́n lára. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹ rí i pé wọ́n yẹ PTH wọn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tí parathyroid ń tú jáde, wò kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.