Ìdíje ẹja pípa ẹlẹ́gbẹ́ lórí adágún: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí yín o. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́rin, lọ díje ẹja fífi ìwọ̀ pa lórí adágún, èmi nìkan ni n kò sì ṣe irú rẹ̀ rí. Wọn yóò pín etí omi sí ẹkùn mẹ́rin, ìbò ni yóò sì sọ ibi tí kálukú máa jókòó sí. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ní ẹkùn rẹ̀ yóò gba àmì 1, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò gba 2, ẹgbẹ́ tí àròpọ̀ àmì rẹ̀ bá kéré jù ni yóò sì borí.

Èyí ló ń kó mi láyà sókè, nítorí pé bí mo bá pa òfo, gbogbo wa ló kàn. Lọ́jọ́ tí a dánra wò, odidi wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń wá ẹja ńlá láàárín omi, ohun tó ń léfòó lórí okùn mi kò tilẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ ẹnì kejì mi ń fi ìdin ẹyọ kan lẹ́nu ìwọ̀ tín-ín-rín fa ẹja wẹ́wẹ́ jáde létí bèbè. Ìkánjú mú mi, mo da ìdin ẹ̀kúnwọ́ méjì sómi láti fi fa ẹja wá, (ìwà òmùgọ̀ gbáà!) ni ibẹ̀ bá tún pa lọ́lọ́.

Ṣé kí n kọ́kọ́ fi ẹja wẹ́wẹ́ dá ara mi lójú kí n tó wá ńlá? Ìdin mélòó ló yẹ kí n máa jù sómi lẹ́ẹ̀kan, ìgbà wo ló sì yẹ kí n kúrò lójú kan?