Bí 8 méjì ṣe kọ́ mi ní ìgbà tó yẹ kí n ya káàdì

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ blackjack, eré káàdì olówó tí a ti ń gbìyànjú láti sún mọ́ 21 ju apínkáàdì lọ láìkọjá rẹ̀, ẹ̀rù ni mo fi ń pinnu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, 8 méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́, 10 sì ni apínkáàdì ṣí sílẹ̀. Mo kọ̀ láti yà wọ́n, ìyẹn ni pé kí n sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ọwọ́ tó dá dúró, nítorí pé ẹni tó bá yà wọ́n gbọ́dọ̀ fi iye owó kan náà lé káàdì kejì, mo sì rò pé kò bọ́gbọ́n mu kí n tún kówó lé ohun tó ti ń bàjẹ́. Mo bèèrè káàdì lórí 16 yẹn, 9 ló wá, mo kọjá 21.

Àgbàlagbà tó jókòó tì mí ní kí n lọ ṣírò rẹ̀ wò. Bí a bá ta 100, ẹni tó bá bèèrè káàdì lórí 16 yẹn yóò máa pàdánù bíi 54, bí a bá da gbogbo ìgbà pọ̀, ẹni tó bá sì yà wọ́n yóò máa pàdánù bíi 48. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe tìtorí pé a ó jẹ ni a ṣe ń yà wọ́n, bí kò ṣe kí àdánù lè dín kù.

Mo wá sọ ọ́ di àṣejù. Mo ya 9 méjì nígbà tí apínkáàdì ṣí 7 sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 18 tí mo ní ti tó: káàdì tó ń jẹ́ 10 ló pọ̀ jù, 17 sì ni apínkáàdì yóò ní bí ó bá fi ọ̀kan pamọ́. Ká ní 8 tàbí 9 ló ṣí ni, ìyàsọ́tọ̀ yẹn ì bá ti wúlò. Ace méjì (káàdì tó lè jẹ́ 1 tàbí 11) ní tirẹ̀ kò gba àròjinlẹ̀, a máa ń yà á ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì kan péré ni ọ̀pọ̀ tábìlì máa ń fi kún ìkọ̀ọ̀kan, tí 10 bá sì bọ́ sí i, 21 lásán ni, wọn kì í kà á sí blackjack tó ń sanwó jù. Èmi ti bá apínkáàdì jiyàn lórí èyí rí, ó sì tì mí lójú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, 8 méjì tún kò mí níwájú 10. Mo yà wọ́n, 18 ni mo ní lápá méjèèjì, apínkáàdì sì ṣí 20. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín pé mo fowó mi ra àdánù méjì. N kò dá a lóhùn.